Bí Ìyanu Bá Dé, Ta Ni Yóò Máa Pín Nọ́ńbà?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ìwé mẹ́fà tí wọ́n ṣà fún Ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní ọdún 2019

Ìwé mẹ́fà ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Ní ọdún 2019, àwọn ìwé náà ló kù níwájú àwọn adájọ́ Ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní London, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì tó bá ta yọ jù lọ nínú àwọn tó kọ́kọ́ jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún tó ṣáájú. Àwọn ìwé ọ̀hún ni Semiosis ti Sue Burke, Revenant Gun ti Yoon Ha Lee, Frankenstein in Baghdad ti Ahmed Saadawi, The Electric State ti Simon Stålenhag, The Loosening Skin ti Aliya Whiteley, àti Rosewater ti Tade Thompson. Rosewater ló gbégbá orókè. Ìwé ìròyìn gbé e pé ọmọ Yorùbá ti ṣe bẹbẹ, a yọ̀, a pàtẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Nísinsìnyí tí ariwo ti rọlẹ̀, a lè wá béèrè ohun tó kù nínú àwọn ìwé náà. Èrò tèmi kò ju ẹyọ kan lọ. Ìtàn ọjọ́ iwájú kì í gbó nítorí pé ẹ̀rọ inú rẹ̀ di àlòkù, bẹ́ẹ̀ ni kì í pẹ́ nílẹ̀ nítorí pé àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ohun tó ń mú un pẹ́ ni bí òǹkọ̀wé ṣe mọ ohun tí àwùjọ máa ń fi agbára tuntun ṣe: ta ni yóò tò sórí ìlà, ta ni yóò máa pín nọ́ńbà, ta ni yóò gbowó lẹ́yìnkùlé, iléeṣẹ́ ìjọba wo ni yóò sọ pé abẹ́ òun ni ìyanu náà wà.

Rosewater ni n ó kọ́kọ́ mú, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ sún mọ́ wa jù. London ni wọ́n bí Tade Thompson sí, Nàìjíríà ló ti dàgbà, dókítà àwọn alárùn ọpọlọ sì ni. Nàìjíríà ọdún 2066 ló fi ìtàn rẹ̀ sí. Ohun abàmì kan tó ti òfurufú wá ti fi abẹ́ ilẹ̀ ṣe ilé, ó sì ta òrùlé rìbìtì kan bo ara rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni òrùlé náà máa ń là, ẹni tó bá wà nítòsí lásìkò náà á sì rí ìwòsàn. Kí la rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ níbi tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá wà? Ohun tí òǹkọ̀wé rò náà nìyẹn. Àwọn èèyàn pàgọ́ yí i ká, àgọ́ di abà, abà di ìlú ńlá. Nígbà tí kò tíì sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí ojú àgbàrá, òórùn ibẹ̀ le débi pé wọ́n fi orúkọ lọ́fínńdà sọ ìlú náà láti fi ṣẹ̀fẹ̀. Ìwòsàn ọ̀hún kì í sì í ṣe iṣẹ́ áńgẹ́lì. Ó máa ń tún àwọn kan tò lódì, tí wọ́n á kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ara tí kò jọ ti ẹnikẹ́ni. Òkú tó bá wà nítòsí náà á dìde, ṣùgbọ́n ara nìkan ló ń padà, ẹni tó ni ara ti lọ, àwọn alààyè ló sì kù tí yóò wá ọ̀nà palẹ̀ wọn mọ́. Kaaro tó ń sọ ìtàn náà jẹ́ olè nígbà kan rí. Ó wà lára àwọn èèyàn díẹ̀ tó lè gba inú afẹ́fẹ́ wọ inú ọkàn ẹlòmíràn, nítorí ohun abàmì yẹn ti fọ́n irúgbìn tín-tìn-tín kan káàkiri ayé tó so ọkàn èèyàn pọ̀ mọ́ra wọn. Iṣẹ́ wo ni a rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe? Báńkì ló gbà á síṣẹ́. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á jókòó sí ẹ̀yìn báńkì, wọ́n á máa ka ìwé, kí ariwo ìwé tó ń kọjá lọ́kàn wọn lè bo àṣírí oníbàárà mọ́lẹ̀, kí àwọn ọ̀daràn tó ní irú ẹ̀bùn kan náà má baà yọ ọ́ jáde lórí wọn. (Ẹni tí wọ́n bá ti pè rí lórí fóònù pé láti báńkì ni, kó ka nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì rẹ̀, kò ní fi èyí rẹ́rìn-ín.) Bó bá kúrò ní báńkì, á tún lọ jẹ́ ìpè iléeṣẹ́ àṣírí ìjọba kan tí wọ́n ń pè ní S45, níbi tí ọ̀gá ti ń pàṣẹ, tí wọ́n sì ń fipá mú èèyàn ṣe ohun tí kò wù ú. Ẹ̀dá láti òfurufú dé, kò sì pẹ́ tó fi di ohun tí wọ́n ń gbowó oṣù lé lórí.

Ẹ kíyè sí ohun kan nípa ọjọ́ inú ìwé náà. Ọdún 2016 ni iléeṣẹ́ Apex kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, ọdún 2012 ni ìwé sọ pé ohun abàmì yẹn já lulẹ̀ ní London. Ìyẹn ni pé ọdún mẹ́rin kí òǹkàwé àkọ́kọ́ tó ṣí ìwé yìí, ó ti mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀. Òǹkọ̀wé tó bá ń wá ipò wòlíì kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Clarke lọ́dún 1987 ń sọ ohun kan náà fún wa. The Handmaid's Tale ti Margaret Atwood kò ní ọkọ̀ òfurufú, kò ní ẹ̀rọ tó ń ronú. Obìnrin tí wọ́n gba káàdì báńkì àti iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, àti ìjọba tó sọ ilé ọmọ rẹ̀ di ohun ìní. Atwood fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba lọ́pọ̀ ìgbà pé òun kò fi ohunkóhun sínú ìwé náà tí ọmọ èèyàn kò tíì ṣe rí níbì kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n ní 2017, ọdún 30 lẹ́yìn ẹ̀bùn náà, tí kò sì sí ẹni tó sọ pé ó ti di ìtàn àtijọ́. Ẹ fi í wé àwọn ìwé ayé ìgbà náà tó kún fún kọ̀ǹpútà tó tóbi bí ilé: ẹ̀rọ inú wọn ti di ẹrù àtàn, èèyàn inú wọn kò sì lágbára tó láti gbé ìtàn náà ró lẹ́yìn rẹ̀.

Àwa tí a wà nílẹ̀ Yorùbá ní ẹ̀rí tiwa tí a lè fi yẹ Rosewater wò, mi ò sì sọ pé ibẹ̀ ni òǹkọ̀wé ti mú un. Ní oṣù keje ọdún 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà, lábẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó ti ń wa ẹ̀rọ tó ń tẹ ojú ọ̀nà níbi iṣẹ́ ọ̀nà tẹ́lẹ̀. Ìròyìn ìwòsàn tàn, èrò sì ya bo ìlú láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n gbé aláìsàn, wọ́n gbé ìkòkò, wọ́n gbé ìgò tí wọ́n fẹ́ fi bu omi tí wọ́n gbàdúrà sí. Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Ìjọba amúnisìn kò mọ orúkọ tí yóò pe nǹkan yìí. Bí ẹ̀sìn ni yóò ti pè é ni, bí ìdàrúdàpọ̀ ni, bí ọ̀rọ̀ ìlera ni, kò yé wọn. Nígbà tó di 1932, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi Babalọlá sí ní Benin. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹgbẹ́ àdúrà tó wà nídìí ìsọjí náà di ìjọ tó ní olú-iléeṣẹ́, ìwé àkọsílẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ àti olórí. Òǹkàwé tó bá mọ ìtàn yìí kò nílò àlàyé kankan kó tó lóye ìdí tí àgọ́ fi ń di ìlú ní ẹsẹ̀ òrùlé inú Rosewater. Gbọ̀ngàn Mápó tí a jókòó sí lórí òkè yìí ní Ìbàdàn náà ń jẹ́rìí. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí i, òpó ńláńlá rẹ̀ sì wà níbẹ̀ kí gbogbo ẹni tó ń kọjá ní Bẹẹrẹ àti Ọjàaba lè gbójú sókè wo agbára ìjọba. Lónìí, àwọn òpó yẹn náà ni ìyàwó ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ wọn tí wọ́n ń ya fọ́tò. Ẹni tó yàwòrán ilé náà kò lè sọ àsọtẹ́lẹ̀ ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ Ìbàdàn ì bá sọ ọ́.

Nínú márùn-ún tó kù, Frankenstein in Baghdad ló bá Rosewater dọ́gba, àwọn ọjọ́ kan sì wà tí mo máa ń rò pé ó jù ú lọ. Hadi, ẹni tó ń ra ẹrù àlòkù ní àdúgbò Bataween, ń ṣa ẹ̀yà ara àwọn tí bọ́ǹbù fọ́ yángá, ó ń rán wọn pọ̀ kí wọ́n lè dà bí odindi òkú, kí wọ́n lè sin wọ́n bí èèyàn. Òkú náà dìde, ó ń gbẹ̀san fún ẹni tó ni apá àti ẹni tó ni imú. Bó bá ti gbẹ̀san ẹ̀yà kan tán, ẹ̀yà náà á jẹrà, yóò sì nílò òmíràn, títí ó fi di pé ara ọ̀daràn ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tí mi ò lè gbàgbé níbẹ̀ ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọpasẹ̀ rẹ̀: ọ̀gágun Majid ló ń darí rẹ̀, awòràwọ̀ ló sì gbà síṣẹ́, wọ́n ń kọ̀wé ránṣẹ́, wọ́n ń jowú ara wọn, wọ́n ń dọdẹ ìgbéga. Saadawi àti Thompson kò jọ gbé ìlú kan náà, síbẹ̀ àwọn méjèèjì mọ̀ pé ìjọba tí apá rẹ̀ kò ká ọ̀rọ̀ á dá ẹ̀ka tuntun sílẹ̀. Semiosis náà kò kéré: àwọn tó ṣí lọ sí ayé mìíràn bá ọparun kan tó lóye pàdé, wọ́n sì ní láti bá a dá májẹ̀mú, kí wọ́n sì sọ ọ́ di ọmọ ìlú tó lẹ́tọ̀ọ́. Ìran kan ń lọ, òmíràn ń bọ̀, òfin inú ìwé náà ni kókó. Revenant Gun ní èrò ńlá kan, pé kàlẹ́ńdà tí gbogbo èèyàn bá gbà tí wọ́n sì ń pa ọjọ́ rẹ̀ mọ́ ló ń fún ohun ìjà lágbára. Ṣùgbọ́n ìwé kẹta nínú mẹ́ta ni, ẹni tí kò bá ka méjì àkọ́kọ́ á ṣìnà. The Electric State lẹ́wà lójú, àwòrán rẹ̀ ló gbé e, ìtàn rẹ̀ fẹ́lẹ́. Fíìmù ńlá tí wọ́n fi ṣe ní 2025 kò sì fi kún un. Ní ti The Loosening Skin, níbi tí èèyàn ti máa ń bọ́ awọ tí ìfẹ́ àtijọ́ rẹ̀ á sì bá awọ náà lọ, ibi tó ti dùn jù ni ibi tí àwọn èèyàn ti ń ra awọ olókìkí tí wọ́n sì ń tà á.

Ẹnì kan lè sọ pé: bó bá jẹ́ ìwà àwùjọ nìkan ni ò ń wò, kí wá ni sáyẹ́ǹsì ń ṣe níbẹ̀? Ṣé kì í ṣe ìtàn iwin tí wọ́n wọ aṣọ yàrá ìwádìí fún ni? Àtakò yìí lágbára, pàápàá lọ́dọ̀ àwa tí a dàgbà pẹ̀lú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà tó jáde ní 1938. Ohun kékeré kan nínú Rosewater ni n ó fi dáhùn. Nígbà tí Kaaro bá fẹ́ kí ọkàn àwọn ẹlòmíràn dákẹ́ lórí òun, kì í pọfọ̀, kì í so oǹdè. Ìpara clotrimazole ló ń fi pa ara, ìpara tí ẹnikẹ́ni lè rà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì fún làpálàpá. Ìdí ni pé irúgbìn tó so ọkàn pọ̀ yẹn jọ ẹ̀yà ohun tó ń fa làpálàpá, tó sì ń mú búrẹ́dì bu, awọ èèyàn ló ń dì mọ́, oògùn tó bá pa ọ̀kan yóò sì dí ìkejì lọ́wọ́. Ohun tí sáyẹ́ǹsì ń ṣe nínú irú ìtàn yìí nìyẹn: ó ń fi òfin de ìyanu. Nínú igbó Fágúnwà, agbára olúkúlùkù wà nínú ẹni tó ni ín, ìtàn náà sì dùn nítorí a kò mọ ohun tí ẹni tó kàn yóò lè ṣe. Nínú Rosewater, ohun tó bá ṣiṣẹ́ lónìí gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lọ́la fún ẹnikẹ́ni tó bá ní owó ìpara. Nígbà tí ìyanu bá sì ti ní òfin ni báńkì, ṣọ́jà àti oníṣòwò tó lè bá a dòwò pọ̀. Bí kò bá sí sáyẹ́ǹsì níbẹ̀, kò sí ohun tí àwùjọ lè dì mú. Nítorí náà, mi ò fi ìwà rọ́pò sáyẹ́ǹsì. Ohun tí mo ń sọ ni pé òfin tí sáyẹ́ǹsì bá ṣe ni ìwà á ti rí àyè jókòó.

Àtakò kejì ni pé òṣùwọ̀n àlejò ni a ń gbé lárugẹ: àwọn adájọ́ ní London ni wọ́n sọ pé ìwé dára, àwa náà wá sáré sọ pé ó dára. Ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ kò gbe àtakò yìí lẹ́sẹ̀. Ní 2017, níbi àjọ̀dún ìwé Aké ní Abẹ́òkúta, wọ́n ti kéde Rosewater pé òun ló gba ẹ̀bùn Nommo àkọ́kọ́ fún ìwé ńlá, ẹ̀bùn tí ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ìtàn abàmì ilẹ̀ Áfíríkà dá sílẹ̀. Ọdún méjì kí London tó sọ̀rọ̀ nìyẹn. Kí ló fa ìdádúró London? Òfin ẹ̀bùn Clarke ni: ìwé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó tó lè wọlé, ọdún 2018 ni iléeṣẹ́ Orbit sì tó gbé Rosewater síta níbẹ̀. Ẹ̀bùn wo ló rí ìwé, ìgbà wo ló rí i, ọ̀rọ̀ ilé ìtẹ̀wé àti ọjà wà nínú rẹ̀. Ẹ má sì rò pé Rosewater nìkan ló gba ọ̀nà yẹn kọjá. Lauren Beukes ti South Africa ti gba Clarke ní 2011 pẹ̀lú Zoo City, ìwé Nnedi Okorafor, The Book of Phoenix, wà lára àwọn tí wọ́n ṣà ní 2016, Namwali Serpell ti Zambia sì gbà á ní 2020 pẹ̀lú The Old Drift. Nínú ìwé Serpell ni ẹ ó ti bá Edward Mukuka Nkoloso pàdé, ẹni tó wà láyé lóòótọ́, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Zambia ní 1964 láti lọ sínú òṣùpá, tó ń fi wọ́n sínú àgbá epo tó sì ń yí wọn láti orí òkè kí ara wọn lè mọ bí òfurufú ṣe rí. Àwọn oníròyìn òyìnbó fi í ṣẹ̀sín nígbà náà. Serpell kò fi í ṣẹ̀sín, kò sì sọ ọ́ di akọni. Ó bi í léèrè ohun tí olómìnira tuntun ń wá nínú òṣùpá.

Kò yẹ kí n fi ìyìn bo àléébù. Rosewater ń fò láti 2066 padà sí ọdún tó ti kọjá, ó tún ń fò bọ̀, ó sì ń rẹ òǹkàwé láwọn ibì kan. Ojú tí Kaaro fi ń wo obìnrin kò dára, àlàyé pé olè ni, pé aláìwúlò ni, kò tó láti gbé gbogbo rẹ̀. Femi Alaagomeji, ọ̀gá rẹ̀ ní S45, ì bá ti jẹ́ èèyàn tó jinlẹ̀ jù lọ nínú ìwé náà bí òǹkọ̀wé bá jẹ́ ká rí i láì gba ojú ọkùnrin yẹn kọjá. Nínú ìwé kejì àti ìkẹta tó tẹ̀ lé Rosewater ló tó ṣàtúnṣe, nígbà tó fún àwọn ẹlòmíràn láyè láti sọ̀rọ̀.

Àtakò tó le jù ni ti èdè. Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tajà nísàlẹ̀ òkè yìí kò sì ní kà á. Òótọ́ ni, mi ò ní jà á níyàn. Ṣùgbọ́n ẹ tún padà wo ìwé mẹ́fà yẹn. Èdè Lárúbáwá ni Saadawi fi kọ tirẹ̀. Ó jáde ní 2013, ó gba ẹ̀bùn ńlá àwọn Lárúbáwá ní 2014, kí Jonathan Wright tó túmọ̀ rẹ̀. Èdè Sweden ni Stålenhag fi kọ tirẹ̀ kó tó dé èdè Gẹ̀ẹ́sì. Méjì nínú mẹ́fà tí wọ́n jọ ń du ẹ̀bùn Gẹ̀ẹ́sì kò ti ilé Gẹ̀ẹ́sì wá. Wọ́n kọ́kọ́ ní òǹkàwé nílé, wọ́n sì ní atúmọ̀ lẹ́yìn náà. Yorùbá ti rìn ní ọ̀nà yìí rí. Ìdíje tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba gbé kalẹ̀ ló mú kí Fágúnwà kọ Ògbójú Ọdẹ, Ṣóyínká sì túmọ̀ rẹ̀ ní 1968. Ohun tí kò sí lónìí ni ìdíje mìíràn tí yóò béèrè ìtàn ọjọ́ iwájú ní èdè Yorùbá. Ohun èlò rẹ̀ kò jìnnà. Ìbàdàn, ìlú tó rí tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ní 1959, kò nílò láti yá ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ BVAS tó ń wo ojú àti ìka olùdìbò wà níbẹ̀, ẹni tí ẹ̀rọ náà kò dá mọ̀ nítorí pé oko ti ha ìka rẹ̀ wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ìdìbò tó gbọ́dọ̀ pinnu ohun tí yóò ṣe sí i kí ilẹ̀ tó ṣú wà níbẹ̀. Ẹ fi ogójì ọdún sí i, ìwé kan ti bẹ̀rẹ̀.

Wọn á ní owó dà. Ẹ jẹ́ kí n sọ iye owó tí Tade Thompson gbà ní London fún yín: pọ́n-ùn 2,019. Iye ọdún ni wọ́n fi ń ka owó ẹ̀bùn Clarke, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ayẹyẹ ọjọ́ kan ṣoṣo nínú gbọ̀ngàn yìí lè jẹ owó tó jù ú lọ. Adájọ́ ló máa ṣòro: èèyàn márùn-ún tí wọ́n mọ Yorùbá kà dáadáa, tí sáyẹ́ǹsì kò bà lẹ́rù, tí wọ́n á sì ka gbogbo ìwé tó bá wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ irú wọn, ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kí a tó túká.